SSD tuntun ò yọ lórí láptọ́ọ̀pù yín? Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó dá a padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti náwó ra SSD tuntun, tí wọ́n fi sínú láptọ́ọ̀pù, àmọ́ tí kọ̀ǹpútà náà ò rí i rárá. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fúnni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan ò ṣe SSD náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo BIOS

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà. Bí ẹ bá ṣe ń tan án padà, ẹ máa tẹ F2 léraléra. Ti HP sábà máa ń jẹ́ F10, ti Lenovo sì lè jẹ́ F1 tàbí F2. BIOS ni ojú ìwé tó máa yọ síta yẹn. Ẹ wò ó bóyá orúkọ SSD náà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ibi tí ìṣòro wà.

Tí BIOS bá rí i, tí Windows ò rí i

SSD tuntun kì í sábà ní ìpín kankan nínú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ ní This PC. Ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ Start, kí ẹ mú Disk Management. Tó bá ní kí ẹ ṣe Initialize, ẹ mú GPT. Lẹ́yìn náà, ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ ibi tí wọ́n kọ Unallocated sí, ẹ mú New Simple Volume, kí ẹ sì tẹ Next títí tó fi máa parí. Tí 512GB bá hàn bíi 476GB, wọn ò rẹ́ yín jẹ o, bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra o! Tí fáìlì bá ti wà nínú SSD náà tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe Initialize, ẹ má sì ṣe Format, torí fáìlì yín lè lọ pátápátá.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń fi Windows sí i ni kò yọ, tí láptọ́ọ̀pù náà sì ń lo Intel ìran kọkànlá sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dírafà Intel RST ló ń fẹ́. Ẹ wà á jáde lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, ẹ kó o sórí flash, kí ẹ wá tẹ Load driver.

Tí BIOS pàápàá ò bá rí i

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì rẹ̀. Ẹ yọ SSD, kí ẹ tún un kì bọ ihò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Tí kò bá tíì yọ, ẹ wo irú èyí tí ẹ rà. SSD M.2 pín sí SATA àti NVMe, àwọn méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Èyí tí wọ́n gé létí níbi méjì sábà máa ń jẹ́ SATA. Èyí tí wọ́n gé níbi kan sábà máa ń jẹ́ NVMe. Ó lè wọ ihò náà wẹ́kú kó má ṣiṣẹ́, tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá gba irú rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ dán an wò lára láptọ́ọ̀pù mìíràn tó gba irú rẹ̀. Tí ìyẹn náà ò bá rí i, ó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́: ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, tòun ti rìsíìtì. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ lọ rà á, yálà ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, kó mú SSD àtijọ́ dání, kó sì kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀.