Ológò, Kóòtù àti Òṣómàáló: Ẹ̀tọ́ Olówó ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Láyé àtijọ́, ológò ni olówó ń rán sí onígbèsè tó kọ̀ tí kò san. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé àwọn aláṣẹ ìlú ní í fún ológò láyè. Yóò dógò ti onígbèsè nílé, yóò máa pa adìẹ ibẹ̀ jẹ títí ará ilé yóò fi wá owó san. Àṣẹ àti ipá tí í mú àṣẹ ṣẹ wà pa pọ̀.

Lábẹ́ Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti 1914, olówó ní láti pẹjọ́, kí ó kó ẹlẹ́rìí wá, kí ó sì dúró de ìdájọ́. Èyí ṣòro fún oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà tó ń tà láwìn káàkiri ìlú onílùú, pàápàá bí ọjà ti ń gbòòrò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojúirin dé Òṣogbo ní 1907. Nítorí náà ni ó ṣe ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni yóò máa ló títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá.

Àwàdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi orúkọ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ìjókòó ológò ni ó padà wá, láìsí àṣẹ ìlú tí yóò tì í lẹ́yìn tàbí tí yóò dá a lẹ́kun. Kóòtù lè dá olówó láre. Ìtìjú lójú aládùúgbò ni ó sábà ń mú owó jáde.