Gbọ̀ngàn Tíátà Orílẹ̀-Èdè, Ìgánmú

Gbọ̀ngàn àṣà tí ìjọba ológun Nàìjíríà kọ́ sí Ìgánmú, ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy ti orílẹ̀-èdè Bọ̀gáríà ló kọ́ ọ, ní àwòṣe gbọ̀ngàn kan tó wà ní ìlú Varna. Iṣẹ́ parí ní 1976, ó sì gbàlejò FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, ní 1977. Nígbà náà, àwọn òṣèré tíátà Yorùbá máa ń ṣeré níbẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì.

Àríyànjiyàn. Àìsí àtúnṣe mú kí òrùlé máa jò, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fẹ́ fi ilé náà lé aládàáni lọ́wọ́, àwọn òṣèré fárígá. Òǹkọ̀wé eré Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó takò ó. Àwọn tó gbè lẹ́yìn ètò náà ní ìjọba kò lè dá ìtọ́jú ilé náà ṣe. Àwọn alátakò ní ogún gbogbo ìlú kì í ṣe ọjà títà.

Àtúnṣe. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ fa ilé náà lé Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn báńkì lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ní oṣù keje 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi orúkọ Ṣóyínká sọ ọ́ nígbà tí Ṣóyínká pé 90 ọdún. Wọ́n tún un ṣí ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá 2025.

Ọ̀rọ̀ tó kù ṣe pàtàkì: owó lílo ilé tí a fi owó ìlú kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí apá ẹgbẹ́ eléré kékeré yóò ká.