Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde-bìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Rufisque

École normale de Rufisque ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1938 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Áfíríkà ní iṣẹ́ olùkọ́. Ìlú Rufisque, tí ó wà létí òkun nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí. Germaine Le Goff, olùkọ́ kan tí ó ti agbègbè Bretagne ní Faransé wá, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1945. Ìdánwò ìwọlé ni wọ́n fi ń ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti inú àwọn ilẹ̀ tí Faransé so pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: láti Sẹ̀nẹ̀gàl, láti Gínì, láti Sudan Faransé tí a ń pè ní Málì lónìí, láti Côte d'Ivoire, àti láti Dàhòmì tí ó di Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọn kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀, ó ṣòro láti kọ ìtàn àwọn obìnrin agbègbè yìí ní ọ̀rúndún ogún láìdárúkọ wọn.

Èrò ìjọba kò gbòòrò. Wọ́n ń fẹ́ olùkọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì ń fẹ́ ìyàwó tí ó mọ̀wé fún àwọn ọkùnrin tí ó jáde láti École William Ponty, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà ni iṣẹ́ ilé, aṣọ rírán àti ìtọ́jú ọmọ fi gba àyè pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí kò ní láti wá iṣẹ́ kiri. Ìjọba ni yóò yan ibi tí yóò ti ṣe olùkọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ọ̀hún parí sí. Kò sí ìlànà kankan tí ìjọba là sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ di akọ̀ròyìn, òǹkọ̀wé tàbí aṣòfin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó la ọ̀nà náà, ohun tí ìjọba kò gbèrò rárá.

Inú ọgbà kan náà ni àwọn ọmọ tí èdè abínibí wọn yàtọ̀ síra ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn. Nígbà tí wọ́n bá jáde, a ó fọ́n wọn ká sí ìlú tí ó jìnnà síra. Lẹ́tà ni ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ̀wé sí Le Goff láti ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń ròyìn ìdùnnú àti ìṣòro wọn fún un. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Annette Mbaye d'Erneville wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà tí ìjọba là. Ó lọ sí Paris ní ọdún 1947, ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní rédíò ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní ọdún 1964 ó dá ìwé ìròyìn Awa sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ewì, ìtàn, aṣọ, oúnjẹ àti ìròyìn nípa àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí kò tíì kọ ohunkóhun fún aráyé kà rí lè rí ojú-ewé kan níbẹ̀.

Ọwọ́ Annette náà wà nínú ìtàn Mariama Bâ. Bâ wọ Rufisque ní ọdún 1943, ó sì jáde ní ọdún 1947. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún méjìlá kí àìsàn tó mú un kúrò nínú kíláàsì. Annette, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìwé, tí kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Une si longue lettre jáde ní ọdún 1979, nígbà tí Bâ ti pé ẹni àádọ́ta ọdún; ó sì gba ẹ̀bùn Noma àkọ́kọ́ ní ọdún 1980. Lẹ́tà tí opó kan kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìwé náà. Nínú rẹ̀, nígbà tí ọkọ opó náà pa á tì, ọ̀rẹ́ yìí ni ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún un. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ òyìnbó náà fara hàn nínú ìwé ọ̀hún, òǹkàwé tí ó bá mọ Rufisque kò sì ní bèèrè ẹni tí í ṣe.

Nínú òṣèlú, Caroline Faye Diop di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sẹ̀nẹ̀gàl ní ọdún 1963, ó sì di mínísítà ní ọdún 1978. Jeanne Martin Cissé padà sí Gínì, ó di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́bìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1959, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tí Faransé gbé kalẹ̀ ti ń tú ká, òun àti Aoua Kéita, agbẹ̀bí láti Sudan Faransé, wà lára àwọn tí ó pe àwọn obìnrin ilẹ̀ mélòó kan jọ ní Bamako láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1972, Cissé ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà.

Kéita kì í ṣe ọmọ Rufisque. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar ni ó ti gba ìwé-ẹ̀rí ní ọdún 1931, kí Rufisque tó wà. Èyí fi hàn pé àjọṣe náà lè kọjá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò kọjá èdè Faransé. Faransé ni wọ́n fi kọ lẹ́tà wọn, òun ni wọ́n fi tẹ Awa àti ìwé Bâ, nígbà tí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún kò mọ̀ ọ́n kà.