Ọjọ́ Tí Dàda Kó Wa Lọ Ṣeré

Fóònù mi ló ń bá mi rántí. Fọ́tò 214 ni mo yà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nínú oṣù Keje ọdún 2019, aago sì wà lára gbogbo wọn. Ọmọ oṣù márùn-ún ni Dàda nígbà náà. Ní báyìí tó ti mọ ẹjọ́ í rò, ó máa ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni òun ti dé Magic Kingdom, ọgbà ìṣeré tó wà ní Florida, rí, torí òun ò rántí nǹkan kan. Mo kó fọ́tò sílẹ̀ fún un. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ lọ. Èmi ń sùn ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀. Mo wá jókòó, mo to ọjọ́ náà ní wákàtí-wákàtí, kí n lè fi hàn án pé òun gan-an lọ̀gá ìrìn àjò.

Aago 5:10 òwúrọ̀

Òun ló jí wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìsinmi la wá ṣe. Láti Atlanta la ti wakọ̀ wá lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìrìn tí kò ju wákàtí méje lọ sì di mẹ́wàá, torí ọmọ ọmú kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré fún wákàtí méjì kó tó ké pé ẹ dúró. Màmá mi, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wa tọ́jú ọmọ, ti wẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n sì ti ń di báàgì: páńpáàsì 12, aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta, ọ̀já méjì, òrí, mọ́ínmọ́ín inú ike, àti abẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n ya àwòrán bàbá àgbàlagbà kan sí lára, èyí tí wọ́n pín níbi ìnáwó ọgọ́rin ọdún bàbá náà. Mo ní kí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn.

Ìyàwó mi ń fi téèpù wọn kẹ̀kẹ́ ọmọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ọgbà náà kì í gba kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ̀ ju ínǹṣì 31 lọ tàbí tó gùn ju 52 lọ wọlé mọ́. Tiwa yege. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn tèmi ńkọ́? Ínǹṣì mélòó ni wọ́n ń gbà?"

Aago 7:50

Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí jìnnà sí ọgbà, adágún omi ńlá kan ló wà láàárín. O lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè kọjá, o sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Màmá ní omi. Lórí omi yẹn ni mo ti ń ṣe bí ẹni tó mọ̀wé: mo sọ fún wọn pé èèyàn ló gbẹ́ adágún náà, pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n fi gbé ilẹ̀ ọgbà sókè kí wọ́n tó ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971. Nítorí náà, orí òkè ilé làwọn àlejò ń rìn. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró-tóóró wà, ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ń gbà tí wọ́n bá ti wọ ẹ̀wù eré, kí ọmọdé má baà rí wọn níbi tí kò yẹ.

"Ìgbàlẹ̀ nìyẹn," Màmá wí. "Ṣé ìwọ rí ibi tí egúngún ti ń wọṣọ rí ni?"

Ogún ọdún ni mo ti fi ń kà nípa àwọn ilé wọ̀nyẹn. Mi ò ka ohun tó ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Dàda kò wo omi, kò wo ilé aládé tó ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Aago ọwọ́ ọkùnrin kan tó dúró tì wá ló ń wò. Fọ́tò rẹ̀ wà: gbogbo wa dojú kọ ọgbà, òun nìkan kọjú sí ọwọ́ ọkùnrin yẹn.

Aago 8:35

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í sanwó níbẹ̀. Láti mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, owó ọmọdé. Láti mẹ́wàá lọ sókè, owó àgbà, bó o tilẹ̀ pé àádọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n Dàda, ọmọ ọdún márùn-ún, san tirẹ̀, Màmá san bíi tèmi. Ní ilé kan lápá òsì lẹ́yìn ẹnubodè, wọ́n ń fún àwọn tó bá ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní báàjì lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì la gbà. Màmá fi ọ̀kan kọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi èkejì kọ́ ọ̀já tí wọ́n fi pọn Dàda. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ mi, báàgì nìkan ló jókòó sínú rẹ̀.

Aago 9:15

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ rọra.

Ní òpópónà àkọ́kọ́ nínú ọgbà náà, Main Street, ṣọ́ọ̀bù gẹ́rígẹ́rí kan wà, kékeré, tí wọ́n ṣe bí ti ayé àtijọ́. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé wọ́n máa ń gé irun ọmọ níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn á dá ọmọ lára yá, wọn á gé irun náà, wọn á fún un ní fìlà elétí Mickey àti ìwé ẹ̀rí pé òní ni wọ́n kọ́kọ́ gé e lórí. Houston ni ìyàwó mi dàgbà sí, ó sì ti gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù yìí tipẹ́. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn Màmá.

Bí wọ́n ṣe bí Dàda ni irun rẹ̀ ti ta kókó. Kì í ṣe àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun ló gbé e wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé a kì í ya irun Dàda, a kì í fi abẹ kàn án lásán. Ọjọ́ tí a bá máa gé e, a ó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò, a ó ṣe ohun tó bá yẹ. Ẹlòmíràn á so owó ẹyọ mọ́ ọn. Òde òní, ọ̀pọ̀ ti ń fá a bí wọ́n ṣe bímọ tán, wọ́n ní ẹ̀sìn ò gbà á. Bíbélì Màmá ò jìnnà sí wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ irun yìí, wọn ò tíì fi í lé pásítọ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́mì, díẹ̀ péré ni," ìyàwó mi wí. "Etí rẹ̀ níbí. Torí ìwé ẹ̀rí."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ọmọ lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé abẹ ti jáde. "Ìwé ẹ̀rí kí ni? Ẹni tó bí i wà láàyè, èmi wà láàyè, ta ló tún ń wá ẹ̀rí?"

Gẹ́rígẹ́rí náà, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n funfun, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa láti inú. Kò ké sí wa, kò mú abẹ lọ́wọ́. Màmá kò rẹ́rìn-ín padà. Wọ́n yíjú, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé aládé lọ kíákíá. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò, Dàda ń mi orí rẹ̀ tó ta kókó sọ́tùn-ún sósì nínú ọ̀já bí ẹni tó ń kí èrò.

Aago 10:00 sí 11:30

"it's a small world" la kọ́kọ́ wọ̀. Kò sí pé ọmọ ga tàbí ó kúrú níbẹ̀. Ẹ gbé e lé itan, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó parí. Níbi àfihàn àgbáyé New York ti 1964 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, nítorí UNICEF. Ọmọláńgidi láti ilẹ̀ gbogbo ń kọrin kan náà láìsinmi. Màmá ń wá tiwa láàárín wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ìlù dáadáa, ọkọ̀ ti kọjá Áfíríkà. Dàda lajú sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń dà. Bó bá bi mí bóyá ó gbádùn ohunkóhun, ìyẹn ni mo máa tọ́ka sí, àti ohun mìíràn tó ń bọ̀ níwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ àwọn aràrá méje, tó ń sáré gba inú òkè. Ínǹṣì 38 lọmọ gbọ́dọ̀ ga tó. Ẹ̀gbọ́n Dàda jẹ́ 42. Ìgbékalẹ̀ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá gbé ọmọ ọwọ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀: òbí kan á tò sí ìlà, á gùn ún, èkejì á dúró ti ọmọ, bí ti àkọ́kọ́ bá jáde, èkejì á wọlé láìtún to ìlà gígùn yẹn, ó sì lè mú ọmọ tó ti gùn ún dání. Bí ẹ̀gbọ́n Dàda ṣe gùn ún lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, tàwọn ọmọ tí kò ní àbúrò sì ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ẹnu ko àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti bí Dàda, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyàwó mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti fún ọmọ lọ́mú, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Láti 1993 ni òfin Florida ti sọ pé ìyá lè fún ọmọ lọ́mú níbikíbi tó bá tọ́ sí i láti wà. Màmá ò mọ òfin kankan. "Kí lò ń wò kiri? Ṣé o jí i ni?"

Aago 12:05 ọ̀sán

Ooru dé. Ooru Florida máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí a ò fún dáadáa. Dàda bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe tí kì í ṣe ti ebi. Màmá ju ìborùn bo orí kẹ̀kẹ́ kí òjìji lè wà, ìyàwó mi ṣí i kíá, ó ní abẹ́ aṣọ yẹn á gbóná bí ààrò.

"Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fún un lómi, ìdérí ìgò kan péré."

"Mọ́mì, kò tíì pé oṣù mẹ́fà."

"Èmi fún ọkọ rẹ lómi lọ́jọ́ tí mo bí i. Ṣé kò wà láàyè ni?"

Mo wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó sì mọ̀ pé kí àjọ WHO ní kí a má fún ọmọ ní nǹkan mìíràn ju ọmú lọ fún oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tó lè bá Màmá jà. Ó gbà á ní ọ̀nà míì. Ó ní omi ló pọ̀ jù nínú wàrà ọmú fúnra rẹ̀. Ó ní kíndìnrín ọmọ kéré, bí omi lásán bá pọ̀ jù fún un, yóò fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

"Gan báwo?"

"Bíi gìrì, Mọ́mì."

Ọ̀rọ̀ tó dé ibi tó ń lọ nìyẹn. Kò sí ìyá Ìjẹ̀bú tó ń gbọ́ gìrì tó ń jiyàn. Màmá mu omi náà fúnra wọn.

Ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ wà ní ìparí Main Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, tábìlì ìpààrọ̀ páńpáàsì wà, yàrá olóòjìji wà tí àwọn ìyá ń jókòó sí fọ́mọ lọ́mú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Dàda dúró síta níbi tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe rí mi. Mi ò béèrè.

Aago 1:30

Mọ́ínmọ́ín. Ọgbà náà ń gba oúnjẹ ilé wọlé, ìgò ni kì í gbà, àyàfi ti oúnjẹ ọmọ. Omi tútù nínú kọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ.

Aago 2:40

Àrá sán. Ní ìgbà ooru tiwọn, òjò ọ̀sán Florida kì í pẹ́ kó tó dé, bí mànàmáná bá sì ti ń kọ, gbogbo ohun ìgùn ìta á dúró. Èrò ń sá kiri. A bọ́ sí Carousel of Progress, gbọ̀ngàn kan tí àga èrò ti ń yí po ìtàgé. Ìdílé kan ló wà lórí ìtàgé, ẹ̀rọ ni gbogbo wọn, tí ayé wọn ń yí padà láti ìgbà tí kò sí iná títí dé ìgbà kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú bí ogún ni. Màmá tú ọmọ, wọ́n tẹ́ ẹ sí itan. Fọ́tò tí ìyàwó mi yà ní 2:58 fi hàn pé Dàda sùn, Màmá sùn, èmi náà sùn, ẹnu mi là. A tún un wò látòkèdélẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe parí.

Aago 4:20

Mo dá gun Space Mountain. Ínǹṣì 44, méjì ló ku ẹ̀gbọ́n Dàda kù, ó sunkún. Ohun ìgùn náà dára. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Aago 5:45

Fọ́tò kan péré ló wà tí Dàda ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mì í ní gbogbo ara. A wà nídìí àwọn ẹṣin onígi tó ń yí, èyí tí wọ́n ṣe ní 1917, tó sì dàgbà ju ọgbà náà lọ jìnnà. Orin ń dún, wúrà ń tàn. Ẹ wo fọ́tò náà dáadáa: ẹ̀yìn ló kọ sí ẹṣin. Abẹ̀bẹ̀ Màmá ló ń fẹ́ sí i lójú, bàbá ọlọ́gọ́rin ọdún yẹn ń bọ̀, ó ń padà, ó ń bọ̀, ó ń padà. Dàda ń rín kèékèé. Àwọn àlejò méjì dúró wò ó.

Abẹ̀bẹ̀ tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ nílé.

Aago 9:20 alẹ́

Ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n Dàda dúró níwájú ilé aládé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 189, kí wọ́n lè wo iná àrà. Èmi àti Màmá gbé ọmọ kúrò ṣáájú nítorí ariwo, a rékọjá adágún. Létí omi lódìkejì, iná kọ́kọ́ tàn lójú ọ̀run, ó yọ òdòdó pupa àti ewé, ó sì kú; ó pẹ́ díẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì ju bí ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ lọ. Dàda sùn lẹ́yìn Màmá. Màmá ń rọra mì, wọ́n ń kì í lábẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Aago 11:12

Nínú ọkọ̀, ó ti rẹ gbogbo wa. Dàda jí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wo iná títì. Màmá fa fóònù yọ, wọ́n fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá. Mo dín rédíò kù. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nínú gbogbo ohun tí a rí, ilé aládé ni, iná àrà ni, adágún tí èèyàn gbẹ́ ni.

Wọ́n fi fóònù sún mọ́ ẹnu.

"Wọ́n fẹ́ gé irun ọmọ wa lónìí o. Mo ní kò ṣeé ṣe."