Èrò Ẹ̀yìn Ló Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn

"Ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn." Ẹni tó ń jẹ nínú làálàá ẹlòmíràn, tí kò sì mọ ohun tó ń ná onítọ̀hún, ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún. Bàbá ń sáré owó ilé-ìwé, ọmọ kò mọ ibi tí owó ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, a óò rí òótọ́ mìíràn nínú rẹ̀ tó jẹ mọ́ ara fúnra rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀nà jìn ni pé ìyá ti fi ọ̀já dì í mọ́ ẹ̀yìn pinpin. Orúnkún ìyá ló ń gba kòtò, ìbàdí rẹ̀ ló ń gba gegele. Kí ìnira ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ara ìyá ti gbà á tán.

Lórí alùpùpù, òwe yìí dojú dé. Ẹni tí a gbé sẹ́yìn gan-an ló mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń wà á lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò máa fi rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀.

Ní Èjìgbò tiwa yìí, lábẹ́ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó, ta ni kò tíì jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà rí? Láti Ìyànà Èjìgbò dé Jakande, láti Òkè-Àfá dé Ìkọ̀tún, òun la fi ń dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá, títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fòfin de ọ̀kadà ní Kosọfẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin, pẹ̀lú àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ abẹ́ wọn. Èjìgbò wà lára wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akérò kékeré tí a ń pè ní kórópe ló gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀kadà kọ́ wa ṣì wà lára wa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojúgun ọ̀tún ọ̀pọ̀ nínú wa: àpá sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà ọ̀pọ̀ ọ̀kadà máa ń wà, ẹni tó bá sì gba ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ láìfura, ó di kó fi ìpara sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀kadà fi kọ́ wa. Ìrìn àjò yàtọ̀ sí i. Ká mú tọkọtaya kan tó fẹ́ gun alùpùpù ara wọn láti Èjìgbò Èkó lọ sí Èjìgbò kejì, èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọn yóò gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọn yóò yà gba Ìwó, ọ̀nà náà yóò sì lé ní 200 kìlómítà. Ìnira tí a lè fara dà láti ilé dé ọjà lè di àìsàn lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á tí ẹ̀yìn fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹni iwájú jókòó sí agbedeméjì táyà méjèèjì. Bí táyà ẹ̀yìn bá gun òkìtì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń kàn án. Ní ti ẹni ẹ̀yìn, orí táyà yẹn gan-an ni ìdí rẹ̀ wà, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ yọ sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Bí táyà bá ṣe fò sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bá a fò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni iwájú ń rí kòtò kó tó dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí háńdù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìtẹ̀sẹ̀, á gbé ìdí sókè díẹ̀, kòtò á sì kọjá. Ẹ̀yìn àṣíborí ẹni iwájú ni èrò ẹ̀yìn ń wò, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kòtò wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká ka ìrọ̀rùn ẹni ẹ̀yìn sí fàájì lásán. Ẹni tí ìdí ń ta kì í jókòó jẹ́ẹ́. Á sún sọ́tùn-ún, á na ẹsẹ̀ kan, á gbé ara sókè. Bó bá ṣe èyí nígbà tí ẹni iwájú ń gba ẹ̀gbẹ́ táńkà kọjá, alùpùpù á fì. Àwa tí a mọ bí táńkà ṣe ń tò lọ sí dípó epo NNPC ní Èjìgbò mọ ohun tí fífì yẹn lè yọrí sí.

Nítorí náà, ibi ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kó tó kan ẹ́ńjìnnì. Ìjókòó tó gùn, tó tẹ́jú, tó sì fẹ̀ ló dára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọwọ́ tẹ fóòmù, bó bá ti rọ̀, wọ́n á ní ó dára. Fóòmù tó rọ̀ jù á rì mọ́lẹ̀ láìpẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ lẹni ẹ̀yìn yóò sì jókòó lé títí dé Ìbàdàn. Èyí tó le díẹ̀ sàn jù. Lójú tèmi, àwọn páwà-báìkì tí ìjókòó ẹ̀yìn wọn kéré bí àtẹ́lẹwọ́, tó sì ga fíofío, kò yẹ fún ìrìn àjò ènìyàn méjì rárá, bó ti wù kí wọ́n dára lójú tó. Bajaj Boxer tí gbogbo wa mọ̀ ní ìjókòó tó dára jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìjókòó ni ìtẹ̀sẹ̀. Bí ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn bá ga jù, orúnkún á ká ju bó ti yẹ lọ, ẹsẹ̀ á sì kú kó tó di pé ẹ dé Ṣágámù. Ẹ wò ó bóyá irin ìdìmú tó lágbára wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí lẹ́yìn, torí bí kò bá sí i, ẹni iwájú ni ẹnì kejì yóò máa dì mú, apá rẹ̀ á sì máa gbé ìwúwo ènìyàn méjì nígbàkúùgbà tó bá tẹ bíréèkì. Ẹ wo bí sàlẹ́ńsà ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ náà.

Ìwúwo ńkọ́? Ká ní ẹni iwájú wọn 75 kìlógíráàmù, ẹni ẹ̀yìn 65, ẹrù wọn 20: ó di 160. Ìwé tó bá alùpùpù wá ló ń sọ iye tó lè gbé, 160 yìí sì lè kọjá agbára alùpùpù kékeré. Nídìí sípíríǹgì ẹ̀yìn, òrùka kan máa ń wà tí a lè fi sípánà yí kó le sí i. Ẹ yí i kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ní kí fọkanáísà fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iye tí ìwé náà kọ fún ènìyàn méjì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń yí ìrìn àjò padà pátápátá.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, 100cc tàbí 150cc lè gbé ènìyàn méjì dé Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ ti ṣe é. Àmọ́ lórí márosẹ̀, agbára tó lè fi ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ kíákíá kì í ṣẹ́kù sí i lára, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n wọ inú ara ẹni méjèèjì. Láàárín 250cc sí 500cc ni mo rò pé ó tọ́ fún ọ̀nà wa, irú èyí tó ga nílẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, tí ẹni tó ń gùn ún sì ń nàró jókòó. Ní òkè òkun, Honda Gold Wing, tó jáde lọ́dún 1975, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ẹni ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ń tà láti 2018 ní ẹ́ńjìnnì 1,833cc, táyà rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní nǹkan bíi mítà 1.7, èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò sì ní ibi tí ẹni ẹ̀yìn lè fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju 350 kìlógíráàmù lọ, inú kòtò tó kún fún omi òjò ní Èjìgbò kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nàró.

Ní ọdún 2022 ni ọkùnrin kan, Kúnlé Adéyanjú, gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, nítorí ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Òun nìkan ló dá ìrìn náà rìn. Ẹni tó bá dá rìn lè dúró nígbàkígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀yìn kò ní bíréèkì lọ́wọ́. Kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì: bí ẹni ẹ̀yìn bá fọwọ́ kan èjìká ẹni iwájú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ dúró, kí ẹ má bèèrè ìdí kí ẹ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣíborí ṣì kù. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù láti máa dé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù láti fi èyí tí àjèjì ti dé sórí. Ẹni tí ẹ óò máa gbé rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, tó bá orí rẹ̀ mu, tí okùn rẹ̀ sì ṣe é so. Kí owó rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún alùpùpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti rà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ mú ìyàwó yín, tàbí ọkọ yín, tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò máa jókòó sẹ́yìn dání. Ẹ jẹ́ kó gorí rẹ̀, kí ẹni tó ń tà á gbà kí ẹ jọ gùn ún gba ojú ọ̀nà tí kò dán fún bí ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Bó bá ní kò rọrùn, ẹ má san owó.