Oògùn Tó Pa Ọmọ Lára, Àti Ìrètí Tó Bí Fún Àwọn SS

Akóbọ̀ nílùú Ìbàdàn la wà. Kò fẹ́ẹ̀ sí àdúgbò kan níbí tí kò ní ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù láyé. Ìtàn òní kàn wọ́n.

Lọ́dún 1957 tí wọ́n ṣí UCH, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì gbé oògùn oorun kan jáde, thalidomide. Àwọn aláboyún ń lò ó sí èébì òwúrọ̀. Kí wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ ní 1961, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n ti bí tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn ò pé.

Ó di 2010 kí Takumi Ito, Hiroshi Handa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan tó rí ohun tí oògùn náà ń lẹ̀ mọ́ nínú ara: purotéènì kan tó ń jẹ́ cereblon.

Kí niṣẹ́ cereblon? Ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní ubiquitin ligase. Àwọn ló ń sàmì sára purotéènì tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì kó dànù, bí ìgbà tí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Thalidomide ṣi cereblon lọ́nà, ó kọ X sára ohun tí ọmọ inú nílò.

Ṣé ẹ rí i, ọmọ SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Janet Watson ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní New York ní 1948: hemoglobin tó ti inú ìyá gbé wá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Nígbà tó bá yá, ara á ti ilẹ̀kùn mọ́ jíìnì tó ń ṣe é. Ìgbà yẹn ni ìrora ń dé.

Purotéènì WIZ wà lára àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn náà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Novartis kéde pé àwọn ti ṣe èròjà tó ń mú kí cereblon kọ X sára WIZ. Hemoglobin ìkókó pọ̀ sí i lára eku àti ọ̀bọ tí wọ́n fi dán an wò.

Kì í ṣe oògùn tẹ́ ẹ lè rà lónìí o. Ṣùgbọ́n Casgevy, ìtọ́jú jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ fún ẹnì kan. Ta ló fẹ́ rí i san ní Akóbọ̀? Oògùn tí èèyàn lè fi omi gbé mì la nílò.

Kó tó dé, ẹ yẹ jínótáìpù yín wò kí ìfẹ́ tó wọra. Ó dìgbà kan ná.