Ó Kàn Wá: Ìtàn Abọ́ Pọ́ǹṣì Kan

Adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń wí. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa rí. Ewúro ló fara pamọ́ sẹ́yìn adùn.

Nígbà tí sáà tó kọjá ń parí lọ, ẹgbẹ́ wa ṣe àpèjẹ ìdágbére fún àwọn àgbà wa tó ń jáde. Èmi ni wọ́n ní kí n po pọ́ǹṣì. Pọ́ǹṣì tí mò ń wí kì í ṣe ìwé ìròyìn o, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ táwọn akànṣẹ́ ń jù síra wọn. Ohun mímu ni: wáìnì funfun, èso tí a gé wẹ́wẹ́, omi ọsàn, ṣúgà, àti yìnyín tó pọ̀ dáadáa. Òun làwọn òyìnbó máa ń po nígbà ooru wọn, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, kí ara lè tù wọ́n. Ní tiwa níbí, ooru kì í dúró de oṣù kankan.

Mo ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá wọlé. Ó wo abọ́, ó wo ìgò wáìnì, ó yọ ṣùtì. Ó ní, "Ọtí òyìnbó lásán làsàn. Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí àpèjẹ parí, mo gba láíbìrì lọ, mo ń wá ìtàn nǹkan náà kiri. Ohun tí mo bá bọ̀ rèé. Ìdáhùn mi fún ọ̀rẹ́ mi ni pé ó kàn wá, ó tiẹ̀ kàn wá ju bí èmi gan-an ṣe rò lọ.

Orúkọ rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú èdè Híńdì lọ̀rọ̀ náà ti wá, "panch", tó túmọ̀ sí márùn-ún. John Fryer, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rìnrìn àjò lọ sí Íńdíà àti Páṣíà lẹ́yìn 1670, wà lára àwọn tó ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1698. Àwọn kan ń jiyàn pé orúkọ àgbá ọtí kan ni wọ́n gé kúrú. Èmi fara mọ́ ti márùn-ún, torí ó bá ohun tó wà nínú abọ́ mu: ọtí líle, ṣúgà, omi ọsàn kíkan, omi, àti èròjà olóòórùn.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1600 ni Ọbabìnrin Elizabeth fún ilé-iṣẹ́ East India Company níwèé àṣẹ láti máa ṣòwò lápá ìlà-oòrùn. Àwọn atukọ̀ àti akọ̀wé wọn gbọ̀nà Íńdíà lọ. Bíà àti wáìnì kì í fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ́, ni wọ́n bá yíjú sí ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Lẹ́tà kan tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí kọ ní 1632 ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó dárúkọ pọ́ǹṣì. Ní 1638, ọmọ Jámánì kan, Johan Albrecht de Mandelslo, bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Surat. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń mu ohun kan tí wọ́n fi ọtí líle, omi òdòdó róòsì, omi ọsàn kíkan àti ṣúgà pò.

Ṣé ẹ mọ ọtí líle náà? Árákì ni. Ní Goa, ẹmu igi àgbọn ni wọ́n ń sè di árákì, gẹ́lẹ́ bí àwọn tiwa ṣe ń sè ẹmu di ògógóró. Ká ní bàbá àgbà kan láti Ìlàjẹ bá wọn jókòó lọ́jọ́ náà, kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ló ti máa mọ̀ pé àbúrò ògógóró lòun ń mu. Nítorí náà, ẹni tó ní ọtí òyìnbó ni, kó rọra. Ọwọ́ àwọn ará Íńdíà lòyìnbó ti gbà á.

Àwọn atukọ̀ gbé e dé London. Abọ́ ńlá kan á wà láàárín tábìlì, àwọn tó jókòó yí i ká á máa bù ú pẹ̀lú ṣíbí gígùn. Ṣùgbọ́n Íńdíà jìnnà, árákì sì wọ́n. Ní nǹkan bí 1640, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní erékùṣù Barbados bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrèké lọ́pọ̀ yanturu. Oje dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti dì, òun ni wọ́n ń sè di ọtí rọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: láti ara ìrèké kan ṣoṣo, méjì nínú márùn-ún ti jáde, ṣúgà àti ọtí. Pọ́ǹṣì wá rọrùn láti rí.

Ta ló wá ń gé ìrèké ọ̀hún?

Ìrèké kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Bí wọ́n bá ti gé e, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kó tó kan. Nígbà ìkórè, tọ̀sán tòru ni ẹ̀rọ ń yí. Bí oorun bá gbé ẹni tó ń ti ìrèké sẹ́nu ẹ̀rọ, tí ìka rẹ̀ kó sí i, ẹ̀rọ náà lè fa odindi apá wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fi àáké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe ti ìrèké o. Apá ẹrú ni wọ́n fi ń gé, kí ẹ̀rọ má baà gbé e mì tán. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi ìwé àwọn ọkọ̀ òkun ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ létíkun Áfíríkà ní gbogbo ìgbà òwò ẹrú, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Ẹ fúnra yín yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn.

Ní ìlú Liverpool, àwọn amọ̀kòkò ń ṣe abọ́ pọ́ǹṣì fún àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n á ya ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ inú abọ́, wọ́n á sì kọ àdúrà sí i. Ó wà nínú wọn tí àdúrà rẹ̀ jẹ́ pé kí òwò Áfíríkà yọrí sí rere. Ẹ fojú inú wò ó: bí wọ́n ṣe ń bu pọ́ǹṣì náà mu, tó ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrú á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ní báyìí, mo fẹ́ dé ilé. Kò sí ẹni tó ń ka Yorùbá ní yunifásítì tí kò mọ Àjàyí Crowther. Òṣogùn ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú wọn, wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1837 ó kọ lẹ́tà sí William Jowett, ó ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Nínú lẹ́tà yẹn ló ti sọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ tábà, rọ́ọ̀mù àtàwọn ọjà mìíràn.

Rọ́ọ̀mù. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú márùn-ún inú abọ́ mi ni wọ́n fi ra Àjàyí.

Láti Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ yìí ló kọ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ní 1864. Òun ló tún ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ọ̀nà tí mo gbà ń kọ Yorùbá sínú ìwé tẹ́ ẹ dì mú yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ro ó wò ná: ẹrú gé ìrèké, wọ́n fi ìrèké sè ọtí, wọ́n fi ọtí ra ọmọ, wọ́n sì ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tóun náà á ti gé ìrèké. Bí kì í bá ṣe Myrmidon, ta ló mọ oko tí ọpọlọ yẹn ì bá parí sí?

Kí n má purọ́ fún yín, òyìnbó nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lára àwọn tó kó Òṣogùn, elédè wa wà níbẹ̀. Ẹni tó gba rọ́ọ̀mù àti tábà lórí ọmọ ọlọ́mọ, kì í ṣe òkun ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ó kàn wá, lọ́tùn-ún lósì.

Àwọn kan náà wà nílùú òyìnbó tí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ní 1791, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fòfin de òwò ẹrú. Lọ́dún yẹn kan náà, William Fox tẹ ìwé pélébé kan jáde. Ó ní bí àwọn aṣòfin ò bá gbọ́, kí ará ìlú má jẹ ṣúgà àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn mọ́, kí wọ́n má sì mu rọ́ọ̀mù wọn. Ó ṣírò rẹ̀ pé ìdílé tó ń jẹ ṣúgà pọ́n-ùn 5 lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún oṣù 21, wọ́n á gba ènìyàn kan lọ́wọ́ oko ẹrú tàbí ikú. Mo mú kakulétọ̀. Oṣù 21 jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 91. Pọ́n-ùn 455 nìyẹn, bíi kílò 206. Àpò ṣúgà oníkílò 50, mẹ́rin, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Ohun tí ènìyàn kan jẹ́ nínú ìṣirò yẹn nìyẹn. Thomas Clarkson, tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ náà nígbà yẹn, sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló jáwọ́ nínú ṣúgà. Ní 1807 wọ́n fòfin de òwò náà. Ní 1833 wọ́n ṣòfin tó fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn.

Ẹ máa bi mí pé níbo wá ni wáìnì funfun ti wọlé. Àwọn Jámánì ti máa ń rẹ ewé olóòórùn kan sínú wáìnì funfun nínú oṣù Karùn-ún. Wọ́n tún ń fi èso sí i, wọ́n ń pè é ní Bowle, orúkọ abọ́ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1862, Jerry Thomas tẹ ìwé ọtí pípò jáde ní New York, pọ́ǹṣì tí wọ́n fi wáìnì funfun Sauternes pò sì wà níbẹ̀. Yìnyín ti dọjà nígbà yẹn. Frederic Tudor, ará Boston, ti gé yìnyín lójú adágún, ó ti fi ọkọ̀ gbé tọ́ọ̀nù 180 lọ sí Calcutta ní 1833. Nǹkan bí 100 ni kò yọ́ dànù lójú òkun. Bí pọ́ǹṣì tútù ṣe padà dé ilé rẹ̀ ní Íńdíà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1862 tí ìwé yẹn jáde, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì ń gé ìrèké ní Kúbà. Ó di 1886 kí oko ẹrú tó parí níbẹ̀, ó di 1888 ní Brazil. Wáìnì rọ́pò rọ́ọ̀mù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ò kúrò nínú abọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ po tirẹ̀, bí mo ṣe pò ó rèé. Mo fi ọ̀bẹ bó èèpo ọsàn 4 àti ọsàn wẹ́wẹ́ 3 fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìfi funfun abẹ́ rẹ̀ kún un, torí ó korò. Mo da ìdajì kọ́ọ̀pù ṣúgà lé èèpo yẹn, mo fi ọwọ́ rún un, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan títí tí òróró ọsàn fi rẹ ṣúgà. Mo fún omi ọsàn gbogbo sí i, mo rò ó, mo sẹ́ ẹ. Mo da ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo gé sí i, mo da ìgò wáìnì funfun 2 tí kò dùn jù lé e, mo gbé e sínú fíríìjì. Ìgbà tí a fẹ́ mu ún ni mo da omi sódà lítà kan sí i, kó má baà ti ṣí. Ní ti yìnyín, inú rọ́bà áìsì kiríìmù ni mo ti dì í ní odidi, torí èyí tó tóbi kì í yára yọ́. Mo po abọ́ kejì láìsí wáìnì fún àwọn ará wa tí kì í mutí.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, a tún pò ó nínú yàrá, ẹni mẹ́fà péré. Mo sọ ìtàn yìí fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó mu. Mo fi kún un pé ọ̀pọ̀ jù lọ ṣúgà tí a ń jẹ ní Nàìjíríà, Brazil ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé e wá, láti ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ gé ìrèké. Yàrá pa lọ́lọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó yọ ṣùtì lọ́jọ́sí gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ dání, kò gbé e sẹ́nu. Ó ní, "Ṣé ká wá dà á nù ni?"

Mo ní rárá o, mo jìyà kí n tó fún ọsàn yẹn tán.

Ó dìde, ó jáde lọ sẹ́yìn yàrá, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò padà wálé mọ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé, tó jókòó, tó mu ún.